Ẹrù Tí A Ń Gbé Wọ Igbó Olótùútù: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Tí Ń Já Ewé ní Ìlú Ọba

Mo júbà Ọ̀sanyìn tí ó ni ewé. Mo júbà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì tí ó mọ ọ̀nà inú igbó. Mo júbà Ògún tí ó ni irin tí a fi ń la ọ̀nà. Kí ìbà wa ṣẹ.

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó ti kọjá, ewé fúnra rẹ̀ ni a sọ̀rọ̀ lé lórí: bí a ṣe ń dá a mọ̀, bí a ṣe ń já a, bí a ṣe ń sá a kí ó gbẹ. Lónìí, ara ẹni tí ó fẹ́ já ewé ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbàkígbà tí ilé bá ti kéde pé a ó lọ sun igbó fún òru kan tàbí méjì, tẹlifóònù mi kì í sinmi mọ́. "Bàbá, kí ni kí n rà?" Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní béèrè. Wọ́n á gba ṣọ́ọ̀bù lọ, wọ́n á ra àgọ́ tí ó tóbi bí ilé, wọ́n á ra ọ̀bẹ tí ó gùn bí apá, wọn ò sì ní rántí ẹní tí wọn yóò tẹ́ sílẹ̀. Owó á tán, òtútù á sì mú wọn mọ́jú.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ má gbàgbé ẹyọ kan yìí: ní igbó Ìlú Ọba, ooru ara yín ni ẹrù àkọ́kọ́. Ohun tí yóò kan ilẹ̀ àti ohun tí yóò kan awọ ara ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó yín rà. Àgọ́ àti irin lè dúró dìgbà tó bá yá.

IGBÓ TIWA ÀTI IGBÓ ÌHÍN

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi lẹ́bàá Oǹdó, kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti ń wọ igbó. Ẹrù wa kò ju àdá kan, àpò kan, omi àti ẹ̀kọ tútù lọ. Ohun tí ọ̀gá mi ń ṣọ́ wa fún ni ejò, ẹ̀gún, àti igi gbígbẹ tí ó lè wó lu ènìyàn. Òjò kò jẹ́ nǹkan kan lójú wa. Bí ó bá pa wá láàárọ̀, oòrùn ọ̀sán á gbẹ aṣọ náà mọ́ wa lára.

Níbí, ọ̀rọ̀ yí padà. Irú ejò olóró kan ṣoṣo ló wà nínú igbó Ìlú Ọba, èyí tí wọ́n ń pè ní adder, sísá ló sì máa ń sá fún ènìyàn. Kò sí ẹkùn, kò sí ọ̀kà. Ṣùgbọ́n òjò ìhín kì í dúró de ẹnikẹ́ni, oòrùn rẹ̀ kò sì lágbára láti gbẹ aṣọ lára ènìyàn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Wọ́n tún ní bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ẹni tí ó bá gbé ìmúra igbó Oǹdó wá sí igbó Wales, ó ń wá wàhálà.

BÍ ÒTÚTÙ ṢE Ń ṢE IṢẸ́ RẸ̀

Ooru inú ara ènìyàn tí ara rẹ̀ dá máa ń wà ní nǹkan bí 37 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ ju 35 lọ, ewu ti dé. Ẹ má rò pé ó dìgbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá wà ní 10, tí òjò ń rọ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́, ẹni tí aṣọ rẹ̀ tutù lè bọ́ sínú ewu yìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Omi máa ń fa ooru kúrò lára ní ìlọ́po tí ó lé ní 20 ju bí afẹ́fẹ́ tí kò mì ṣe ń fà á lọ. Ìdí nìyẹn tí aṣọ tútù fi burú ju kí ènìyàn má tilẹ̀ nípọn láṣọ lọ.

Àmì rẹ̀ nìwọ̀nyí. Àkọ́kọ́, ara á máa gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ á kú, kò ní lè so okùn tàbí kí ó de bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tí ó mu ẹmu yó. Yóò máa ta kọsẹ̀, yóò sì máa bínú láìnídìí. Èyí tí ó burú jù ni ìgbà tí ara bá ṣíwọ́ gbígbọ̀n tí òtútù kò sì tíì lọ. Àwọn tí kò mọ̀ á ní ara rẹ̀ ti balẹ̀. Kò balẹ̀ o. Agbára ara ló ti tán.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a lọ sí ẹsẹ̀ òkè kan ní Wales nínú oṣù Kẹwàá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilé mìíràn wá bá wa níbi tí ọkọ̀ gbé dúró. Ṣòkòtò jíìnsì ló wọ̀, pẹ̀lú aṣọ òwú onífìlà àti bàtà kánfáàsì. Ọmọ tí ara rẹ̀ le ni, eré bọ́ọ̀lù ló ń ṣe. Òjò rọ̀ fún wákàtí méjì. Nígbà tí a bi í pé orúkọ ewé wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ewé tí ó ti mọ̀ láti kékeré, kò lè dáhùn. Ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù, ó ní ká máa lọ, pé òun fẹ́ sùn. Kíá la pa àgọ́ kan, a bọ́ gbogbo aṣọ tútù lára rẹ̀, a nu ara rẹ̀ gbẹ, a fi aṣọ irun àgùntàn tí a tọ́jú sínú ọ̀rá wọ̀ ọ́, a fi ẹní méjì sí abẹ́ rẹ̀, a sì kì í sínú àpò ìsùn. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, a fún un ní tíì gbígbóná tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ju wákàtí kan lọ kí ó tó máa sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ọpẹ́ ni fún Elédùmarè, ó wà láàyè, ó sì ti bímọ báyìí. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí oògùn kankan nínú ohun tí a ṣe. Aṣọ gbígbẹ àti ẹní ló gbà á là.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lójú yín, ẹ má fún un ní ọtí. Ọtí máa ń jẹ́ kí ooru sá kúrò lára. Ẹ má fi ọwọ́ ra apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má sì gbé e sínú omi gbígbóná. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ pe 999, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọlọ́pàá, kí ẹ wá béèrè fún Mountain Rescue bí ó bá jẹ́ orí òkè ni ẹ wà.

AṢỌ: ÌPELE MẸ́TA

Ìpele kìíní ni èyí tí ó kan awọ ara. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé òógùn kúrò lára. Ìpele kejì ni èyí tí ń há ooru mọ́. Ìpele kẹta ni èyí tí ń dá òjò àti afẹ́fẹ́ dúró. Ìpele mẹ́ta tí ó fúyẹ́ dára ju kóòtù kan tí ó wúwo lọ, nítorí ẹ lè bọ́ ọ̀kan nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, kí ẹ sì tún un wọ̀ nígbà tí ẹ bá jókòó. Ẹ má jẹ́ kí òógùn pa yín lára nínú òtútù. Òógùn náà omi ni.

Òwú kò dára fún ìpele kankan nínú igbó yìí. Bí ó bá ti mu omi, ó ti mu ún nìyẹn. Jíìnsì ló burú jù. Irun àgùntàn yàtọ̀. Ó lè fa omi tí ó tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ó tó máa rin ènìyàn lára, ó sì ṣì máa ń há ooru mọ́ra bí ó bá tutù. Aṣọ polyester náà kì í fa omi púpọ̀, ó sì máa ń yára gbẹ. Ẹ kò nílò láti ra tuntun. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ń ta aṣọ òkìrìkà fún àánú kún fún súẹ́tà irun àgùntàn, owó pọ́ọ́kú sì ni wọ́n ń tà á.

Ọ̀pọ̀ nínú yín, pàápàá àwọn ọmọ Ọbàtálá àti àwọn ìyàwó tuntun, ti bi mí nípa aṣọ funfun. Ìdáhùn mi nìyí: ẹ wá aṣọ ìpele kìíní tí ó funfun; a ń hun irun àgùntàn ní funfun. Ní ti àlà òwú yín, ẹ wé e sínú ọ̀rá kí ó gbẹ, kí ẹ wọ̀ ọ́ nígbà tí a bá fẹ́ ṣe ohun tí a tìtorí rẹ̀ wá. Bí ilé yín bá ní èèwọ̀ kan nípa aṣọ, ẹ bi àgbà ilé yín kí ẹ tó rà á. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn yín ńkọ́? Ẹ kì í sábẹ́ aṣọ, nítorí okùn àpò ẹ̀yìn ti já ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́rùn.

Aṣọ òjò tí ẹ ní nílé, ẹ dán an wò kí ẹ tó gbé e jáde. Ẹ wọ̀ ọ́ wọ ilé ìwẹ̀, kí ẹ ṣí omi lé e lórí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí omi bá wọlé nílé, yóò wọlé ní igbó. Ẹ má fi ọṣẹ aṣọ lásán fọ̀ ọ́, nítorí ó ń ba ohun tí ń lé omi lára rẹ̀ jẹ́. Fìlà àti ìbọ̀wọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Ẹ mú méjì méjì.

ILẸ̀ TÍ Ẹ Ó SÙN SÍ

Ilẹ̀ ni olè tí ń jí ooru ní òru. Ẹni tí ó bá ra àpò ìsùn olówó iyebíye tí kò ní ẹní, ńṣe ló ń da omi sínú agbọ̀n. Ìdí ni pé ara yóò tẹ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ àpò náà pẹlẹbẹ, kò sì ní lè há ooru mọ́. Ẹní fóòmù rọrùn láti rà, kì í bẹ́, kì í jò. Èyí tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí máa ń rọ ara lọ́rùn, ó sì dára fún àwọn tí egungun ń dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀gún kan ṣoṣo lè bà á jẹ́. Lára ẹní tí ó dára, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní R. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí òtútù ilẹ̀ gòkè tó. Nǹkan bí 2 tó fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ìhín. Fún ìgbà òtútù, ẹ wá 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè tẹ́ fóòmù sábẹ́ èyí tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Nọ́ńbà méjèèjì á sì ro pọ̀.

Lára àpò ìsùn, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta: Comfort, Limit àti Extreme. Comfort nìkan ni kí ẹ fi rà á. Extreme kì í ṣe ìwọ̀n oorun rárá. Ìwọ̀n tí ènìyàn kàn lè là á já ni, pẹ̀lú ewu. Àwọn oníṣòwò kan máa ń kọ Extreme gàdàgbà síwájú kí àpò náà lè dà bí ohun tó lágbára. Ìyá àgbà tí ara rẹ̀ máa ń tètè tutù gbọ́dọ̀ ra èyí tí Comfort rẹ̀ fi 5 lọ sílẹ̀ ju òtútù tí a ń retí lọ. Èyí tí a fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ṣe fúyẹ́, ó sì móoru, ṣùgbọ́n bí ó bá tutù, kò wúlò mọ́. Fún ilẹ̀ olójò yìí, èyí tí a fi òwú àtọwọ́dá ṣe ni mo máa ń gba àwọn ọmọ mi níyànjú láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ẹ tó lọ, ẹ sùn lórí ẹní yín ní ilẹ̀ ilé yín fún òru kan, kí ẹ ṣí fèrèsé. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

ÀGỌ́ ÀTI INÁ

Àgọ́ alápá méjì ni kí ẹ rà, èyí tí ó ní aṣọ inú àti aṣọ òde tí kò fara kan ara wọn. Èémí ènìyàn máa ń di omi lára aṣọ òde; bí aṣọ inú bá wà, kò ní kán sí yín lára. Lára àgọ́, wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n omi tí aṣọ rẹ̀ lè dá dúró ní mìlímítà. Ẹ má ra èyí tí ó dín ní 1,500. Tèmi jẹ́ 3,000.

Kí ẹ tó pa àgọ́, ẹ kọ́kọ́ wo òkè. Bí ẹ̀ka gbígbẹ bá wà lókè orí yín, ẹ kúrò níbẹ̀. Igi beech pàápàá máa ń já ẹ̀ka ńlá sílẹ̀ láìsí afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ilẹ̀: ẹ má sùn sínú kòtò tí omi àti òtútù ń ṣàn lọ, ẹ má sì sún mọ́ etí odò jù.

Mo ń bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run, ẹ má gbé sítóòfù, ẹ má gbé ẹyin iná, ẹ má gbé àdògán wọ inú àgọ́, ìbáà kú díẹ̀ kó jó tán. Afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide ń jáde lára rẹ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Oorun ló fi ń pa ènìyàn. Odidi ìdílé ti tipa bẹ́ẹ̀ sùn tí wọn ò jí mọ́ ní Ìlú Ọba yìí. Ìta ni kí ẹ ti dáná, ìta náà ni kí ẹ fi í sí. Bí ẹ bá ń ra gáàsì, ẹ wá èyí tí propane wà nínú rẹ̀. Butane nìkan kì í jáde dáadáa bí òtútù bá ti sún mọ́ òdo.

Omi odò, ẹ sè é kí ó hó gan-an fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó mu ún. Híhó kì í yọ kẹ́míkà oko kúrò, nítorí náà ẹ má pọn omi nísàlẹ̀ oko.

BÀTÀ ÀTI ÀPÒ Ẹ̀YÌN

Ọ̀sán ni kí ẹ lọ ra bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó wọ̀ dání. Bí ẹ bá ti ẹsẹ̀ síwájú kí ẹ tó so okùn, ó yẹ kí ìka ọwọ́ kan wọlé lẹ́yìn gìgísẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bàtà tuntun àti ìrìn jíjìn kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹrù ẹ̀yìn kò yẹ kí ó ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara yín lọ. Ẹni tí ó wọn kílò 70 kò gbọdọ̀ gbé ju 14 lọ. Àgbà gbọ́dọ̀ gbé kéré sí i. Ẹ fi bẹ́líìtì àpò náà di ìbàdí, kí ìbàdí gbé ẹrù, kì í ṣe èjìká. Ẹ to aṣọ gbígbẹ sínú ọ̀rá líle kí ẹ tó kì í sínú àpò, nítorí kò sí àpò tí òjò ọjọ́ kan kì í wọ̀. Tọ́ọ̀ṣì àfisórí, báńtìrì mìíràn, máàpù, kọ́ńpáàsì àti fèrè gbọ́dọ̀ wà lókè níbi tí ọwọ́ ti tètè tó o. Bí ẹ bá sọnù, ẹ fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún fun ún.

IRIN ÀTI ÒFIN

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi etí sílẹ̀ níbí. Ògún ló ni irin, ṣùgbọ́n ìjọba ló ni títì. Ní England àti Wales, òfin Criminal Justice Act ti 1988 gbà wá láyè láti mú ọ̀bẹ kékeré tí ń padé sínú èèkù rẹ̀ dání, bí ojú rẹ̀ kò bá ju ínǹṣì 3 lọ tí kò sì ní ìdè tí ń tì í pa. Ọ̀bẹ tí ó ju èyí lọ, tàbí tí kì í padé, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìdí gúnmọ́ láti mú un jáde. Òfin náà ka ìdí iṣẹ́ àti ti ẹ̀sìn mọ́ ìdí gúnmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá mú ni yóò fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Àdá nínú báàgì ní ibùdókọ̀ lálẹ́, ta ni yóò gbọ́ àlàyé yín? Ẹ mọ ojú tí wọ́n fi ń wo àwọn ọmọ wa ní ìgboro. Láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni wọ́n sì ti ka irú àwọn àdá kan léèwọ̀ pátápátá, kódà nínú ilé: àwọn tí ojú wọn gùn ju ínǹṣì 8 lọ, tí ó ní ṣóńṣó, tí wọ́n sì gbẹ́ eyín tàbí ihò sí lára.

Fún ewé jíjá ní ìhín, àlùmọ́gàjí tí àwọn olùtọ́jú ọgbà fi ń gé ẹ̀ka tó wa. Ó ń gé mọ́ tónítóní, igi náà sì ń yára san. Bí iṣẹ́ kan bá nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àgbà tí ó ń ṣáájú ni yóò gbé irin náà, nínú àpò tí a dì, nísàlẹ̀ ẹrù, láti ilé tààrà sí igbó.

Ẹ mú ọkọ́ kékeré kan fún ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ gbẹ́ ihò tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ó sì jìnnà sí omi tó mítà 30. Ẹ má fi ọkọ́ náà hú gbòǹgbò. Òfin Wildlife and Countryside Act ti 1981 ní a kò gbọdọ̀ hú irúgbìn kankan láìgba àṣẹ onílẹ̀. Sísùn náà gba àṣẹ. Ní England àti Wales, ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, àfi ní àwọn apá kan ní Dartmoor, níbi tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fìdí ẹ̀tọ́ sísùn múlẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Ní Scotland, òfin 2003 fún gbogbo ènìyàn láyè ní ọ̀pọ̀ ibi, bí wọ́n bá hùwà ọmọlúwàbí. Ẹni tí kì í wọ igbó láìjúbà Ọ̀sanyìn, kò yẹ kí ó wọ̀ ọ́ láìkí onílẹ̀.

ÀPÒ EWÉ, ÌBỌ̀WỌ́ ÀTI EÉGBỌN

Ẹ má kó ewé tútù sínú ọ̀rá. Á gbóná, á làágùn, á sì ti jẹrà kí ẹ tó délé. Agbọ̀n tàbí àpò aṣọ ni kí ẹ lò, irú ewé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ kọ orúkọ àti ibi tí ẹ ti já a mọ́ ọn. Níbí ni òwú ti wúlò.

Ìbọ̀wọ́ líle ṣe pàtàkì. Ewé nettle ń jó ni bí èsìsì ilé wa, ṣùgbọ́n ìyẹn kékeré ni. Giant hogweed tí ń hù létí odò ní oje tí ó máa ń bó awọ ara bí oòrùn bá kàn án. Awọ dúdú kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Eégbọn ni mo fi kẹ́yìn, nítorí òun ni ìpalára tí ń bá ènìyàn délé. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Ẹ wo ara yín lálaalẹ́: abẹ́ apá, ẹ̀yìn orúnkún, abẹ́lẹ̀, etí àti orí àwọn ọmọdé. Ẹ mú ẹ̀mú kékeré tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín dání. Bí ẹ bá rí eégbọn, ẹ fi ẹ̀mú mú un níbi tí ó ti wọ awọ gan-an, kí ẹ fà á sókè tààrà, jẹ́jẹ́. Ẹ má fi àdí kùn ún, ẹ má fi iná jó o. Ẹ fọ ojú ibẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.

Àwọn eégbọn kan ń gbé àrùn Lyme. Àmì rẹ̀ ni ara tí ó yí ká bí òrùka, tí ó sábà máa ń yọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin, ó sì lè pẹ́ tó oṣù mẹ́ta. Lára awọ funfun, ó máa ń pọ́n. Lára awọ tiwa, ó ṣòro láti rí. Ó lè dà bí ojú ibi tí ènìyàn fi gbá nǹkan. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ rí i. Ibà, orí fífọ́ àti àárẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Ẹ lọ bá dókítà, kí ẹ sọ fún un pé ẹ sun igbó àti ọjọ́ tí eégbọn bù yín jẹ. Oògùn antibiotic ni wọ́n fi ń wò ó. Èmi oníṣègùn ni mo ń sọ ọ́: mi ò ní ewé tí ó lè rọ́pò rẹ̀, ẹni tí ó bá ní òun ní i, ẹ má gbà á gbọ́.

BÍ A ÓÒ ṢE NÁ OWÓ

Bí owó kò bá pọ̀, báyìí ni kí ẹ tò ó: ẹní ni àkọ́kọ́. Aṣọ irun àgùntàn láti inú òkìrìkà ṣìkejì. Aṣọ òjò ṣìkẹta. Bàtà ṣìkẹrin. Àpò ìsùn ṣìkarùn-ún. Ẹ lè yá ti ẹlòmíràn títí ẹ ó fi rà á. Àgọ́ ṣìkẹfà, nítorí ènìyàn mẹ́ta lè pín ọ̀kan. Irin ló kẹ́yìn, nítorí àlùmọ́gàjí kan tó fún odidi ẹgbẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ILÉ

1. Kí ló dé tí ara tí ó ṣíwọ́ gbígbọ̀n nínú òtútù fi jẹ́ àmì ewu?
2. Èwo nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta ara àpò ìsùn ni a fi ń rà á?
3. Ta ni ó yẹ kí ó gbé irin ẹgbẹ́, báwo sì ni yóò ṣe gbé e?
4. Báwo ni a ṣe ń yọ eégbọn, kí sì ni a kò gbọdọ̀ fi kùn ún?
5. Kí gbogbo ilé kó ẹrù wọn jáde. Kí ni ó wà níbẹ̀ tí kò wúlò, kí sì ni kò sí níbẹ̀?

Ewé kì í sá lọ. Bí ojú ọjọ́ bá burú, ẹ padà sílé, kí ẹ tún lọ lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀sanyìn kò ní bínú sí ẹni tí ó tọ́jú ara rẹ̀ kí ó lè padà wá júbà. Igbó á gbè wá, ilẹ̀ á tẹ́ wa o. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire. Àṣẹ.